Usu

Dókítà Fápohùndà ní kí n jókòó tẹ́ẹ́rẹ́,
ó ki awò kékeré gba imú mi wọ ọ̀nà ọ̀fun,
ó ní kí n sọ pé "íì."
Atẹ́gùn ni mo sọ.
Ó yí ojú ẹ̀rọ sí mi kí n wò ó:
ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì,
tọwọ́ ọ̀tún ń ṣí, ó ń tì,
tọwọ́ òsì dúró gbagidi
bí ẹlẹ́rìí tí ẹ̀rù ń bà.

Gẹ̀gẹ̀ ni wọ́n yọ fún mi ní Ìdó, lóṣù Èrèlé.
Ó tó ẹyin pẹ́pẹ́yẹ.
Okùn ohùn sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn.
"Ọ̀bẹ kò gé e," ni dókítà wí, "ó fara kàn án ni.
Yóò hù. Mìlímítà kan lójúmọ́, bí kò bá ṣàárẹ̀."
Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: *Ọjọ́ mélòó?*
Kò dáhùn. Mo wo orúkọ tó wà láyà aṣọ rẹ̀.
Ohùn tó ti pa dà,
ìgbà wo ni yóò padà?

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi pe orúkọ ọmọ ní Ìfàkì
tí àpáta ẹ̀yìn ilé ìwé ń bá mi pè é.
Wàyí o, ṣíbí ni mo fi ń lu agolo mílíìkì.
Mo bá wọn sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́,
àwọn náà dá mi lóhùn wúyẹ́wúyẹ́,
odidi kíláàsì bí ilé olókùnrùn.
Ewúrẹ́ Ìyá Ìbíjọkẹ́ jẹ gbàgúdá tí mo sá,
ó ń wò mí, ó ń jẹ.
Àkọ́bí mi pè láti Jọ́ọ̀sì, ó gbọ́ èémí,
ó ní: "Olè, gbé fóònù ìyá mi fún un!"
Àbúrò ọkọ mi ní wọ́n ti so ohùn mi mọ́gi níbì kan.
N kò lè jiyàn.
Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Ẹrẹ́nà, òjò àkọ́rọ̀. Ọkọ mi kọ ebè,
mo tẹ̀ lé e, mo ń ki èbù bọlẹ̀,
mo ń kùn bí oyin, mmm, mmm,
ìgbà ogún láàárọ̀, ogún lálẹ́,
bí obìnrin tó ń kọ́ni lóhùn ní Ìdó ṣe pa á láṣẹ.
Lọ́jọ́ kẹwàá mo fẹ́ tú ebè kan wò.
Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú:
"Iṣu tí a bá ń tú wò kì í ta."

Nígbà tí ìtàkùn dé ìdí ọ̀pá,
ó nà, ó ṣìnà, ó yí, ó tún gùn,
kò sẹ́ni tó tanná fún un.
Mìlímítà kan.
Ìbú hóró tẹ̀tẹ̀.

Oṣù Ògún, ìrọ̀lẹ́. Ọkọ mi ru iṣu tuntun bọ̀,
okùn já, èyí tó tóbi jù ń yí lọ sójú títì,
Ìlésanmí ọmọ kíláàsì mi ń sáré tẹ̀ lé e,
mọ́tò ń bọ̀ láti Ọ̀yẹ́.
"Usu ni! Usu ni o!"

Èmi tí mo na ọmọ yìí lẹ́gba méjì
nítorí ó ka iṣu ní usu nínú ìwé.

Ohùn náà ha bí ayùn lára pákó tútù.
Ọmọ náà dúró. Mọ́tò kọjá. Iṣu fọ́.
Ó bojú wẹ̀yìn:
"Tìṣà, ẹ ti sọ usu."

N kò tíì lè kọrin nínú ìjọ.
Àpáta kò tíì gbọ́ mi.
Apá òsì ti ń mì, ni Fápohùndà wí,
bí ẹni tó jí tí kò tíì fẹ́ dìde.
Mo ju ẹgba náà sígbó.
A fi iṣu tó fọ́ gúnyán, ó ní kókó díẹ̀.
Mo ní kí wọ́n bu sí i fún mi.
Wọ́n ti gbọ́,
mo tún un sọ.